Ọbẹ̀ Tó Tẹ́ Lókè Sánmà

Ṣíbí mẹ́rin péré ni Alhaji Tàjùdíìnì jẹ nínú ọbẹ̀ ẹ̀gúsí náà kí ọ̀fun rẹ̀ tó dí. Wọ́n ní ṣíbí karùn-ún ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í fa ọrùn aṣọ rẹ̀ ya. Bàálù ò tíì jìnnà, awakọ̀ sì yí i padà sí Èkó kíá, ṣùgbọ́n kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó kanlẹ̀, Alhaji ti kú sórí àga bísínẹ́ẹ̀sì, àga àwọn olówó tó ń nà gbọọrọ bí ibùsùn.

Ọjọ́rú nìyẹn. Nígbà tó di àárọ̀ Jímọ́ọ̀, ìyá ọmọbìnrin tó se ọbẹ̀ náà jókòó síwájú mi nínú ọ́fíìsì mi ní Ìgàndo. Atẹ́gùn ń gbé òórùn ààtàn Solous wọlé lójú fèrèsé, àwọn oníbàárà mi sì sábà máa ń fọwọ́ bo imú. Obìnrin yìí ò tiẹ̀ gbọ́ òórùn kankan. Abigail ni orúkọ rẹ̀, opó ni, ọmọ kan ṣoṣo ló bí, àwọn méjèèjì ni wọ́n sì jọ ń gbé ní Ẹ̀gbẹ́dá.

Kí n tó lọ jìnnà, Sìdíkátù ni mí. Mo ṣe ọlọ́pàá fún ọdún mọ́kàndínlógún kí inú tó bí mi tí mo fi dá aṣọ wọn padà fún wọn. Láti ìgbà náà ni mo ti ń bá àwọn aráàlú wádìí ọ̀rọ̀. Mo mọ èké lójú èèyàn, mo mọ irọ́ lẹ́nu èèyàn, ṣùgbọ́n tó bá di ti ìdáná, kí ẹnikẹ́ni má bi mí. Ọkọ mi, kí Ọlọ́hun kẹ́ ẹ, máa ń ṣàdúrà gígùn kó tó jẹ ọbẹ̀ mi.

Abigail ṣàlàyé pé láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n wá mú Iyìolúwa ọmọ rẹ̀ nílé, pé aago mẹ́ta ọ̀sán ọjọ́ yìí gan-an ni wọ́n fẹ́ gbé e lọ sílé ẹjọ́ pé ó pààyàn. Kò sunkún. Ó kàn ń fi ìka pa etí tábìlì mi lọ sókè sódò.

Ó ní, "Alájà, mo ti di ẹni ọgọ́ta ọdún ó lé. Ẹ mọ bí ẹjọ́ ṣe máa ń pẹ́ lórílẹ̀-èdè yìí. Tí wọ́n bá gbé ọmọ mi wọlé lónìí, ọdún tí wọ́n máa lò lórí ẹ̀ ju èyí tó kù fún mi láyé lọ."

Mo wo aago. Mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mo ní kó máa lọ sílé kó lọ dúró dè mí.

*

Inspẹ́kítọ̀ Sódìq ló ń bójú tó ọ̀rọ̀ náà ní tẹ́ṣàn. Abẹ́ mi ló ti kọ́ṣẹ́, ìyẹn ló fi jẹ́ pé ó ṣì ń dìde tí mo bá wọlé, ṣùgbọ́n ó sọ fún mi lọ́jọ́ yìí pé kí n má fi àkókò mi ṣòfò. Dókítà ti yẹ ọbẹ̀ tó ṣẹ́kù nínú abọ́ Alhaji wò, ó sì bá ẹ̀pà nínú rẹ̀. Ara Alhaji ò gba ẹ̀pà láti kékeré, kódà kó jẹ́ ìyẹ̀fun rẹ̀ ló fẹ́ sí i nímú. Ó ti sọ fún iléeṣẹ́ bàálù, wọ́n sì kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀ nínú ìwé tí wọ́n fún alásè. Iyìolúwa fọwọ́ sí i pé òun ti rí i.

Mo ní, "Àṣìṣe ńkọ́?"

Sódìq rẹ́rìn-ín, ó fa ìwé mìíràn yọ. Ó ní ọdún méjìlá sẹ́yìn, ìdílé Alhaji, tí wọ́n ni ilẹ̀ púpọ̀ ní Ìgàndo, gbé katakátá wá wó ilé kan tí wọ́n ní wọ́n kọ́ sórí ilẹ̀ àwọn. Bàbá Iyìolúwa ló kọ́ ilé náà. Ọdún náà ò parí tí bàbá ọ̀hún fi kú. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin tó ń gbé oúnjẹ fún èrò, Charity, ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun fojú ara òun rí Iyìolúwa tó ń da nǹkan funfun sínú ọbẹ̀ nígbà tí bàálù ti wà lókè.

"Ó mọ̀ ọ́n, ó ní i sínú, wọ́n sì rí i níbi tó ti ń ṣe é," ni Sódìq wí. "Kí ló tún kù, mà?"

Mo ní kó jẹ́ kí n rí ọmọ náà.

*

Ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni Iyìolúwa, ó tín-ín-rín, àpá iná sì wà káàkiri apá rẹ̀ méjèèjì. Ó kúnlẹ̀ kí mi láti ẹ̀yìn irin. Mo bi í bó ṣe ń dá iná nínú bàálù tí gbogbo ẹ̀ ò fi gbiná, ó sì wò mí bí ẹni pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti oko dé.

Ó ní wọn kì í dá iná nínú bàálù rárá. Ilẹ̀ ni wọ́n ti ń se oúnjẹ, wọ́n á jẹ́ kó tutù, wọ́n á kó o sínú àpótí, wọ́n á sì fi èdìdì tó ní nọ́ńbà dè é. Tó bá dókè, iṣẹ́ alásè ni láti tú èdìdì, kó fi ẹ̀rọ mú un gbóná, kó tọ́ ọ wò, kó tò ó sábọ́ lọ́nà tó máa wu ojú, kó sì gbé e lọ síwájú olówó náà fúnra rẹ̀, kó sọ ohun tó jẹ́ àti bó ṣe sè é. Ó ní ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fẹ́ alásè lọ́dọ̀ àwọn tó wà níwájú. Àwọn tó wà lẹ́yìn, tinú ọ̀rá ni wọ́n ń jẹ.

Ohùn rẹ̀ yí padà bó ṣe ń sọ̀rọ̀ iṣẹ́ rẹ̀. Ó gbàgbé ibi tó wà fún ìgbà díẹ̀.

Ó ní, "Ohun tó le jù níbẹ̀ ni iyọ̀, mà. Lókè lọ́hùn-ún, ahọ́n èèyàn á kú díẹ̀. Ọbẹ̀ tó bá dùn gan-an nílẹ̀, bí omi lásán ló máa rí lẹ́nu wọn. A gbọ́dọ̀ jẹ́ kí iyọ̀ ẹ̀ pọ̀ kọjá tilé kó tó lè ṣe déédéé lókè. Gbogbo àwa tá a wà nídìí iṣẹ́ yìí la mọ̀ ọ́n."

Mo bi í ibi tó ti se ọbẹ̀ ẹ̀gúsí náà. Ó ní nílé ìdáná iléeṣẹ́ ni. Ó yára dáhùn jù. Mo bi í ohun funfun tó dà sí i. Ó ní iyọ̀ ni. Mo bi í ẹni tó tún fọwọ́ kan ọbẹ̀ náà, ó sì kọjú sí ògiri.

"Èmi nìkan ni, mà. Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu."

Mo ti rí àwọn tó ń purọ́ kí wọ́n má baà lọ sẹ́wọ̀n, wọn ò lóǹkà. Ti eléyìí yàtọ̀. Ó ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀ níṣojú mi, mi ò sì mọ ìdí.

*

Charity ń gbé ní àdúgbò tí wọ́n ń pè ní Command. Mo wọ kẹ̀kẹ́ dé ibẹ̀, inú sì ń bí mi sí i bí mo ṣe ń lọ, nítorí Sódìq ti sọ fún mi pé Charity náà du ipò alásè, àwọn ọ̀gá sì gbé e fún Iyìolúwa. Ọ̀rọ̀ ti yé mi nìyẹn lójú ara mi. Ẹni tó du ipò, tó sì wà nítòsí ọbẹ̀ náà lókè, ló jẹ́rìí. Mo ti ń ka ẹ̀ṣẹ̀ sí i lọ́rùn kí n tó kan ilẹ̀kùn rẹ̀.

Ọmọbìnrin tó ṣílẹ̀kùn ti sunkún débi pé ojú rẹ̀ wú. Ó ní òun ò sùn láti Ọjọ́rú. Mo ní kó sọ gbogbo ohun tó rí, kó má fo nǹkan kan.

Ó ní Iyìolúwa mú ọbẹ̀ gbóná, ó fi ṣíbí tọ́ ọ wò, ó sì dúró. Ó tún un tọ́ wò. Lẹ́yìn náà ló na ọwọ́ sí pákó òkè, ó mú àwọn pépà kéékèèké kan, ó ya wọ́n, ó dà wọ́n sí i.

"Pépà wo?"

Charity dìde, ó wá inú báàgì iṣẹ́ rẹ̀, ó sì gbé ọ̀kan sọ́wọ́ mi. Iyọ̀ ni, irú èyí tí wọ́n máa ń tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ oúnjẹ èrò. Mo bi í pé ṣé ó sọ fún ọlọ́pàá pé nínú pépà iyọ̀ ni nǹkan funfun náà ti wá. Ó ní wọn ò bi òun.

Mo ní, "Kí ló sọ nígbà tó tọ́ ọ wò?"

"Ó ní, 'Ó tẹ́.' Bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn, mà. 'Charity, ọbẹ̀ mi tẹ́.' Ó wá rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó mi orí."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo tọrọ àforíjì náà, ṣùgbọ́n kò mọ ohun tí mò ń tọrọ rẹ̀ fún.

*

Nínú kẹ̀kẹ́ ni mo ti rò ó. Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi gbé àpò sìmẹ́ǹtì lé itan, ó sì ń bá mi sọ̀rọ̀ òṣèlú, mi ò gbọ́ ẹyọ kan.

Alásè yìí mọ̀ pé iyọ̀ gbọ́dọ̀ pọ̀ nílẹ̀ kó tó lè tó lókè. Ó ti ń ṣe é láti ọdún mẹ́rin. Ó dókè, ó tú èdìdì, ó tọ́ ọbẹ̀ wò, ó sì bá a tó tẹ́. Kò lè jẹ́ pé ó gbàgbé, nítorí ẹni tó gbàgbé á ṣe háà, á bú ara rẹ̀. Eléyìí rẹ́rìn-ín. Ó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹnì kan ti bá a dín iyọ̀ ọbẹ̀ náà kù lẹ́yìn tó sè é tán, kí wọ́n tó fi èdìdì dè é. Ohun yòówù tí onítọ̀hún fi dín iyọ̀ náà kù, inú rẹ̀ ni ẹ̀pà wà.

Ta ló ń dín iyọ̀ ọbẹ̀ kù? Ẹni tó tọ́ ọ wò nílẹ̀ tó sì rò pé iyọ̀ ti pọ̀ jù ni. Ẹni tí kò mọ òfin òkè. Charity mọ òfin yẹn. Gbogbo ilé ìdáná iléeṣẹ́ bàálù mọ̀ ọ́n, títí dórí ẹni tó ń fọ abọ́. Gbogbo àwọn tí mo lè fura sí bọ́ lọ́wọ́ mi lẹ́ẹ̀kan náà, aago sì ti kọjá méjìlá.

Mo pe Henry, ọ̀gá ilé ìdáná ilẹ̀, lórí fóònù. Ó ti kọ ọ́ fún ọlọ́pàá pé ọ̀dọ̀ wọn ni wọ́n ti se ọbẹ̀ náà. Mi ò bá a jiyàn. Mo kàn bi í ẹni tó bó ẹ̀gúsí rẹ̀.

Ó ní, "Bó, báwo?"

"Ẹ̀gúsí tí ẹ fi sè é. Ta ló bó o? Ta ló lọ̀ ọ́? Ìkòkò wo lẹ lò?"

Mo sọ fún un pé láago mẹ́ta ni wọ́n máa gbé ọmọ yẹn lọ, pé tó bá ṣì ń dáàbò bo iṣẹ́ rẹ̀ nígbà yẹn, kó rántí pé mo bi í. Ó mí kanlẹ̀, ó wá jẹ́wọ́. Ọbẹ̀ òyìnbó ni ilé ìdáná wọn mọ̀ ọ́n sè. Tó bá ti di ọbẹ̀ ilẹ̀ wa, Iyìolúwa máa ń se tirẹ̀ nílé, á gbé e wá nínú kúlà, òun a sì mójú kúrò, nítorí àwọn èrò fẹ́ràn rẹ̀. Ó lòdì sófin. Àwọn méjèèjì ló máa bọ́ lẹ́nu iṣẹ́ tí wọ́n bá gbọ́.

Mo pa fóònù. Nílé. Ẹni méjì ló ń gbé nínú ilé náà.

Ẹ̀rù bà mí, kí n má purọ́. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ní kí oníkẹ̀kẹ́ yí padà.

*

Abigail ń lọ aṣọ nígbà tí mo dé Ẹ̀gbẹ́dá. Búláòsì funfun kan ni, ó ní kí Iyìolúwa rí nǹkan tó mọ́ wọ̀ tó bá fẹ́ jáde níwájú adájọ́. Ó fún mi lómi. Ó bi mí bóyá mo ti rí ẹni tó ṣe é, ojú rẹ̀ sì ń wá ìdáhùn lójú mi débi tí mo fi ní láti wo ibòmíràn.

Mo ní kó má bínú, mo ti mọ̀ pé ilé yìí ni Iyìolúwa ti se ọbẹ̀ náà. Ara rẹ̀ rọ̀. Ó ní ọmọ náà ló pe òun pé kóun má sọ fún ẹnikẹ́ni, torí iṣẹ́. Ó ní fúnra Iyìolúwa ló jókòó bó ẹ̀gúsí lálẹ́ Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, hóró kọ̀ọ̀kan, tó sì fọ ẹ̀rọ ìlọta lẹ́ẹ̀mẹta kó tó lọ̀ ọ́, pé ọkùnrin kan wà tí ara rẹ̀ kì í gba ẹ̀pà.

"Nígbà tó sè é tán, kí ló ṣe?"

"Ó wọlé lọ wẹ̀."

"Ẹ̀yin ńkọ́, mà?"

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí eyín rẹ̀ nìyẹn. Ó ní, "Alájà, ọmọ mi mọ ọbẹ̀ sè o, kí ẹ má rò pé kò mọ̀ ọ́n. Ìkánjú ló mú un. Mo tọ́ ọ wò, iyọ̀ yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Mo ní háà, àwọn olówó wọ̀nyí máa dójú ti ọmọ mi lónìí. Mo bu ẹ̀gúsí díẹ̀ sí i, mo bomi sí i, mo jẹ́ kó hó. Mi ò sọ fún un kí ọkàn ẹ̀ má baà dàrú lẹ́nu iṣẹ́."

"Ẹ̀gúsí tó bó yẹn?"

"Ìyẹn ti tán. Tèmi tó wà nílé ni, èyí tí mo rà ní lílọ̀ ní Ìkọ̀tún."

Mo ní kó jẹ́ kí n rí i. Ó gbé ọ̀rá kan jáde láti inú kọ́bọ́ọ̀dù, ó ku bí ìdajì. Ó funfun, ó fúlẹ́, ó dára lójú. Gbogbo obìnrin Èkó ló ti ra irú rẹ̀ rí. A sì mọ̀, tàbí ó yẹ ká mọ̀, pé nígbà tí ẹ̀gúsí bá wọ́n, àwọn kan nínú àwọn tó ń lọ̀ ọ́ tà máa ń fi ẹ̀pà lú u kó lè pọ̀. Kì í sábà ṣe ẹni tó jẹ ẹ́ ní nǹkan kan. Mo bu bíńtín sórí ahọ́n mi. Èmi tí mi ò mọ ọbẹ̀ sè, ẹ̀pà ni mo fi ń mu gààrí láti kékeré, mo sì dá a mọ̀ lójú ẹsẹ̀.

Mo di ẹnu ọ̀rá náà, mo ní mo máa mú un dání. Abigail bi mí ohun tí mo fẹ́ fi ṣe. Mo ní mò ń bọ̀. Ìwà ojo ni mo hù, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ẹnu mi kọ̀ láti sọ ọ́ fún un.

Ìyẹ̀fun díẹ̀ ti dà sórí tábìlì níbi tí mo ti tú u. Mi ò rántí nù ún.

*

Aago méjì kọjá ogún ìṣẹ́jú ni mo padà dé àtìmọ́lé. Mo gbé ọ̀rá náà sókè níwájú irin, Iyìolúwa wò ó, ó sì jókòó sílẹ̀.

Ó ní, "Ẹ ti dé ọ̀dọ̀ Mọ́mì."

Mo ní, "O ti mọ̀ láti òkè."

Ó ní bí òun ṣe tọ́ ọ wò lòun ti mọ̀ pé ọwọ́ ìyá òun ti kàn án, torí kò sígbà tí kì í bá òun tún ìkòkò ṣe. Ó pa òun lẹ́rìn-ín. Òun fi iyọ̀ sí i, òun gbé e lọ. Ìgbà tí ọ̀fun Alhaji dí ni òun rántí ọ̀rá yẹn.

Mo bi í ìdí tó fi forí ṣe fọrùn ṣe láti se ọbẹ̀ ilé fún ọkùnrin tó wó ilé bàbá rẹ̀.

"Mo fẹ́ kó jẹ ẹ́ kó dùn mọ́ ọn, mà. Wọ́n máa ń bi mí pé ọmọ ta ni mí. Mo fẹ́ kó bi mí. Mo fẹ́ sọ orúkọ bàbá mi fún un."

Mo sọ fún un pé ọ̀rá yìí á já a gbà. Mo ní òfin mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹni tó pààyàn àti ẹni tó ṣèèṣì, pé ó ṣeé ṣe kí wọ́n má ti ìyá rẹ̀ mọ́lé ju ọjọ́ díẹ̀ lọ, pé ẹni tó lú ẹ̀gúsí ló yẹ kí wọ́n máa wá. Ó di irin mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì.

"Mi ò sọ̀rọ̀ ọlọ́pàá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ju ọ̀rá yẹn nù. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé mi lọ. Tí Mọ́mì bá fi lè mọ̀ pé ọwọ́ òun ló pa á, wọn ò ní lè dá iná mọ́, wọn ò ní jẹun mọ́. Mo mọ̀ wọ́n. Ikú ni, mà. Ẹ̀wọ̀n ṣì sàn."

Mi ò tíì rí i rí kí ẹni tí mo wá gbà sílẹ̀ máa bẹ̀ mí pé kí n fi òun sílẹ̀. Mo dúró síbẹ̀, ọ̀rá lọ́wọ́ mi, orí mi ò sì gbọ́n mọ́. Mo gbọ́ tí wọ́n ń ṣáná sí ọkọ̀ níta. Sódìq dé pẹ̀lú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀, kò wo ojú mi. Ó ní, "Mà, àkókò ti tó."

Iyìolúwa na ọwọ́ méjèèjì sí i kó tó sọ ọ́ tán.

Bí wọ́n ṣe ń mú un kọjá níwájú kàǹtà, Abigail wọlé láti ìta. Kò wé gèlè. Búláòsì funfun náà wà ní èjìká rẹ̀, ìyẹ̀fun ẹ̀gúsí sì wà níka ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ àti létí ètè rẹ̀. Kò wo ọmọ rẹ̀. Ó lọ tààrà síbi kàǹtà, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé e.

"Mọ́mì, ẹ padà sílé," ni Iyìolúwa wí. "Ẹ má sọ nǹkan kan. Mo ti sọ fún wọn pé èmi ni."

Abigail ò yíjú. Ó ń bá Sódìq sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀.

Ó ní, "Ọmọ mi mọ ọbẹ̀ sè, ọ̀gá. Iyọ̀ ẹ̀ ò pọ̀. Èmi ni mi ò mọ̀."

Sódìq wò mí. Mo gbé ọ̀rá náà sórí kàǹtà. Iyìolúwa sọ orí rẹ̀ mọ́ ògiri, ó ń sunkún sókè bí ọmọdé, ọlọ́pàá tó dì í mú sì yọwọ́ kúrò lápá rẹ̀ fúnra rẹ̀. Sódìq ní kí wọ́n pa ọkọ̀. Ó fa ìwé tí wọn ò tíì kọ nǹkan kan sí yọ, ó gbé àga fún ìyá náà, ó sì rọra bi í ní orúkọ rẹ̀. Ìyá náà jókòó, ó sọ ọ́ fún un.